Ta ló dé ọ̀run wọ̀n ọ́n? Ìjíròrò lórí ìràwọ̀, pílánẹ́ẹ̀tì àti àgbáálá ayé tó ń gbòòrò

Tísà Òkè-Fìà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin ènìyàn wa. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Òṣogbo ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, a sì ti dé orí ẹ̀kọ́ tó dá lórí oòrùn, àwọn pílánẹ́ẹ̀tì àti àwọn ìràwọ̀. Mo sọ fún wọn pé oòrùn jìnnà sí wa tó kìlómítà mílíọ̀nù 150, pé àárín gbùngbùn rẹ̀ gbóná tó ìwọ̀n mílíọ̀nù 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti pé àgbáálá ayé ti wà fún nǹkan bíi bílíọ̀nù 13.8 ọdún, tó sì ń gbòòrò sí i títí di òní yìí. Ọmọbìnrin kan bá nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló dé ibẹ̀ wọ̀n ọ́n?"

Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi púpọ̀, n kò sì fẹ́ fi "ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀" dá a lóhùn, nítorí pé ẹni tó gba ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kìkì nítorí pé ó wà nínú ìwé kò tíì kọ́ sáyẹ́ǹsì rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìmọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Àlàyé tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí ni mo ń wá, èyí tí kò ní pa irọ́ fún un nítorí pé a fẹ́ kí ó rọrùn.

Àgbà Olùkọ́, Ìgbóǹnà

Tísà, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọmọ yẹn yóò jìnnà nínú ẹ̀kọ́. Ẹ sọ fún un pé bí nǹkan bá ṣe jìnnà tó ni ọ̀nà tí a gbà mọ̀ ọ́n ṣe ń yàtọ̀.

Ènìyàn dé orí òṣùpá ní tòótọ́: láàrin ọdún 1969 sí 1972, ènìyàn méjìlá ló fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì kó òkúta ibẹ̀ bọ̀ wálé. Ènìyàn kankan kò tíì kọjá ibẹ̀, ẹ̀rọ ni a ń rán. Ẹ̀rọ Venera 7 tí ilẹ̀ Soviet rán balẹ̀ sórí Àgùàlà, ìyẹn Venus, ní oṣù Kejìlá ọdún 1970, ó sì fi ìròyìn bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó ránṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dákẹ́. Voyager 2 tí Amẹ́ríkà rán kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Neptune, èyí tó jìnnà jù nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, ní ọdún 1989. Kódà a ti rán ẹ̀rọ lọ sí ìtòsí oòrùn: ní ìparí ọdún 2024, ẹ̀rọ Parker Solar Probe sún mọ́ ojú oòrùn dé ìwọ̀n kìlómítà mílíọ̀nù 6.1.

Ní ti bí oòrùn ṣe jìnnà sí wa, ní ọdún 1961 àwọn onímọ̀ ta ìgbì rédíò sí Àgùàlà, ìgbì náà kọ lu ojú rẹ̀, ó sì padà sọ́dọ̀ wa. A mọ bí ìgbì rédíò ṣe ń yára tó, nítorí pé eré kan náà ni òun àti ìmọ́lẹ̀ jọ ń sá, nǹkan bíi kìlómítà 300,000 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wọ́n wo iye àkókò tí ó fi lọ tí ó fi bọ̀, wọ́n ṣírò bí Àgùàlà ṣe jìnnà tó, láti ara ìyẹn ni wọ́n sì ti rí iye tó péye fún oòrùn.

Ṣùgbọ́n tó bá kan àwọn ìràwọ̀ yòókù, ẹ̀rọ kankan kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Ìmọ́lẹ̀ wọn nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ yẹn sì ń ròyìn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. N óò padà wá sí orí rẹ̀.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Àlẹ̀kúwodò

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá wa. Ẹ má bínú pé mo tún ń bi yín ní ohun tó kéré. Ẹ ní "àwọn ìràwọ̀ yòókù", èyí tó túmọ̀ sí pé ìràwọ̀ ni oòrùn fúnra rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àti Àgùàlà tí àwọn àgbà máa ń pa lówe pé ó ń bá oṣù rìn tí a fi ṣebí ajá rẹ̀ ni, ṣé kì í ṣe ìràwọ̀ ni? Ní ojú tèmi, ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ lọ.

Awòràwọ̀ Ọ̀tà-Ẹfun

Ẹ kú ìkàlẹ̀, Mà. Ẹ jẹ́ kí n gba èyí lọ́wọ́ Bàbá, nítorí pé mo ní awò-awọ̀nàjíjìn kékeré kan tí mo máa ń gbé sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, pílánẹ́ẹ̀tì ni mo sì fẹ́ràn jù láti máa wò.

Ìràwọ̀ ni oòrùn. Ohun tó sọ ọ́ di ìràwọ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń pèsè ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ó tóbi débi pé ìwúwo rẹ̀ tẹ àárín rẹ̀ pọ̀ gidigidi, níbẹ̀ ni àwọn átọ́ọ̀mù háídírójìn sì ti ń dà pọ̀ di hílíọ́ọ̀mù. Nínú ìdàpọ̀ yìí, díẹ̀ lára ohun tó dà pọ̀ máa ń di agbára. Láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù mẹ́rin lára oòrùn ló ń di ìmọ́lẹ̀ àti ooru, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti ń ṣe fún nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.6 ọdún, tí ohun tó kù fún un sì tó èyí tí yóò lò fún nǹkan bíi bílíọ̀nù márùn-ún ọdún sí i.

Pílánẹ́ẹ̀tì kì í dá iná tirẹ̀ tàn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó bá bà lé e ló ń tàn padà, gẹ́gẹ́ bí òṣùpá ti ń ṣe. Àgùàlà mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó sún mọ́ wa, àti nítorí pé ìkùukùu funfun ló bò ó yíká, tí ó ń ta ìmọ́lẹ̀ dànù. Ìdí tí ó fi ń bá òṣùpá rìn lójú wa ni pé gbogbo àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń yí oòrùn po ní ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ sí ara wọn, tí ọ̀nà òṣùpá náà kò sì yà jìnnà sí tiwọn, èyí ló mú kí gbogbo wọn máa gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá lójú sánmà. Àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe yẹn ṣàkíyèsí dáadáa, wọ́n sì mọ̀ pé ohun méjì lè máa rìn pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan ni ó ni ìkejì.

Ẹ lè fi ojú lásán dá ìràwọ̀ àti pílánẹ́ẹ̀tì mọ̀ yàtọ̀. Ìràwọ̀ máa ń ṣẹ́jú, nítorí pé ó jìnnà débi pé ojú kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti ń wá, bí afẹ́fẹ́ ayé wa bá sì ti mì, ìmọ́lẹ̀ náà á mì. Pílánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ṣẹ́jú, nítorí pé ó ní fífẹ̀ díẹ̀ lójú wa.

Ohun kan wà tí mo máa ń fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ nípa Àgùàlà. Mercury ló sún mọ́ oòrùn jù, síbẹ̀ Àgùàlà ló gbóná jù. Ojú ilẹ̀ Mercury máa ń gbóná tó ìwọ̀n 430 lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ó máa ń tutù wálẹ̀ dé ìwọ̀n 180 sí ìsàlẹ̀ òdo lóru, nítorí pé kò ní afẹ́fẹ́ tó lè di ooru mú. Àgùàlà ní afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó nípọn gan-an, tí kì í jẹ́ kí ooru jáde, nítorí náà ibẹ̀ wà ní nǹkan bíi ìwọ̀n 465 tọ̀sán tòru. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí afẹ́fẹ́ lè ṣe sí ilé ayé, kí ó lọ wo Àgùàlà dáadáa.

Pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ni a ń kà báyìí. Àwọn àgbà tí wọ́n kọ́ mẹ́sàn-án nílé ẹ̀kọ́, Pluto ni wọ́n fi kún un, àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé sì ti yọ ọ́ kúrò nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì gidi ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS3, Ayétòrò

Ẹ kú àtàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin òbí wa. Nínú ìwé wa, wọ́n ya oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì sí ojú ewé kan ṣoṣo, gbogbo wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bí wọ́n ṣe sún mọ́ra tó náà nìyẹn?

Awòràwọ̀ Ọ̀tà-Ẹfun

Rárá o, àbúrò mi. Kò sí ìwé tó lè gba títóbi wọn àti jíjìnnà wọn papọ̀ sí ojú ewé kan. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ìlú wa. Ká ní a sọ gbogbo rẹ̀ di kékeré ní ìlọ́po bílíọ̀nù kan, tó fi jẹ́ pé kìlómítà mílíọ̀nù kan di mítà kan péré. Oòrùn yóò di bọ́ọ̀lù kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 1.4. Ká gbé e sí iwájú Ọjà Ọba. Ayé wa yóò jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 1.3 lọ, a ó sì ní láti rìn ní mítà 150 kí a tó gbé e kalẹ̀. Òṣùpá yóò wà ní sẹ̀ǹtímítà 38 sí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, ibẹ̀ náà sì ni ibi tí ènìyàn rìn jìnnà dé jù lọ. Jupiter yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 14, ní nǹkan bíi mítà 780 sí Ọjà Ọba. Neptune yóò wà ní kìlómítà mẹ́rin ààbọ̀, bóyá lẹ́bàá ìgboro níbi tí ilé ti ń tán lọ.

Wàyí o, níbo ni ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn jù yóò wà? Proxima Centauri ni orúkọ rẹ̀, ọdún 4.24 ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú ìṣirò wa yìí, yóò wà ní nǹkan bíi kìlómítà 40,000 sí Ọjà Ọba. Kìlómítà 40,000 ni gbogbo àyíká ilé ayé. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìràwọ̀ yẹn sí ààyè rẹ̀ yóò jáde ní Òṣogbo, yóò rìn yí gbogbo ayé po, yóò sì tún padà wọ Òṣogbo láti ẹ̀yìn. Ìràwọ̀ tó sún mọ́ wa jù ni mo ń sọ o.

Tísà Òkè-Fìà

Ẹ̀gbọ́n, n óò lo ìṣirò yìí ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọmọbìnrin yẹn yóò tún bi mí pé: ta ló fi okùn wọn ọdún 4.24 náà?

Àgbà Olùkọ́, Ìgbóǹnà

Mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. Kí àwọn ọmọ na àtàǹpàkò wọn síwájú, kí wọ́n fi ojú ọ̀tún nìkan wò ó, kí wọ́n tún fi ojú òsì nìkan wò ó. Àtàǹpàkò yóò dà bí ẹni pé ó sún kúrò lójú kan lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá fa ọwọ́ sún mọ́ ojú, ohun tí yóò fi sún yóò pọ̀ sí i. Ẹni tó bá mọ àlàfo tó wà láàrin ojú méjèèjì, tó sì wọn bí àtàǹpàkò ṣe sún tó, lè ṣírò bí ó ṣe jìnnà tó láìfi ọwọ́ kàn án.

Ayé wa ń yí oòrùn po. Ibi tí a wà ní oṣù Kìíní àti ibi tí a wà ní oṣù Keje jìnnà sí ara wọn tó kìlómítà mílíọ̀nù 300. Ibi méjèèjì yìí ni a fi ṣe ojú ọ̀tún àti ojú òsì. Ìràwọ̀ tó bá sún mọ́ wa yóò sún díẹ̀ láàrin àwọn ìràwọ̀ tó jìnnà lẹ́yìn rẹ̀. Sísún náà kéré gan-an, kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún méjì ìwọ̀n igun kan fún Proxima Centauri pàápàá, ìdí sì nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ọdún 1838 ni ará Jámánì kan, Friedrich Bessel, tó kéde ìwọ̀n àkọ́kọ́ tó ṣeé gbára lé, lórí ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní 61 Cygni. Lóde òní, ẹ̀rọ Gaia tí àwọn ará Yúróòpù gbé lọ sójú òfuurufú ní ọdún 2013 ti fi ọ̀nà kan náà wọn ìràwọ̀ tó lé ní bílíọ̀nù kan.

Ó ku ohun tí wọ́n fi mọ àwọn èròjà inú ìràwọ̀. Bí a bá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá, yóò pín sí àwọ̀ òṣùmàrè. Bí a bá wo àwọ̀ náà fínnífínní, a ó rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ láàrin wọn. Èròjà kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ háídírójìn, irin tàbí sódíọ̀mù, ní àwọn ìlà tirẹ̀ tí kì í bá ti ẹlòmíràn dọ́gba, a sì lè wo ìlà wọ̀nyí nínú yàrá àyẹ̀wò wa níbí. Ní ọdún 1868, àwọn onímọ̀ rí ìlà kan nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí kò bá ti èròjà kankan tí a mọ̀ ní ayé mu. Wọ́n pè é ní hílíọ́ọ̀mù, láti ara orúkọ oòrùn ní èdè Gíríìkì. Ó di ọdún 1895 kí William Ramsay tó rí gáàsì náà nínú òkúta kan ní ilé ayé, ìlà rẹ̀ sì bá ti oòrùn mu rẹ́gí. Ẹ sọ ìtàn yìí fún ọmọ tó béèrè ẹni tó dé ibẹ̀. Inú oòrùn ni a ti kọ́kọ́ rí èròjà kan, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà ni a tó rí i nínú ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Láti ara irú ìlà bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Cecilia Payne, ti fi hàn ní ọdún 1925 pé háídírójìn àti hílíọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù nínú àwọn ìràwọ̀. Àwọn àgbà onímọ̀ ìgbà náà kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n òun ló tọ̀nà. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì yín gbọ́ orúkọ rẹ̀, Tísà.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Àlẹ̀kúwodò

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í na àtàǹpàkò káàkiri ilé. Ǹjẹ́ ohun kan wà tí àwọn ọmọ lè fi ojú ara wọn rí ní Òṣogbo níbí, láìní ẹ̀rọ?

Awòràwọ̀ Ọ̀tà-Ẹfun

Ó pọ̀, Mà. Ní alẹ́ oṣù Kìíní àti oṣù Kejì, ẹ wo òkè sánmà, ẹ ó rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò gbọnrangandan. Ìràwọ̀ pupa kan wà ní apá kan wọn, Betelgeuse ni; òmíràn tó funfun bí ẹni pé ó ní búlúù díẹ̀ wà ní apá kejì, ìyẹn Rigel. Àwọ̀ yẹn ló ń sọ bí wọ́n ṣe gbóná tó. Èyí tó pupa ló tutù jù, ojú rẹ̀ wà ní nǹkan bíi ìwọ̀n 3,300. Oòrùn wa wà ní ìwọ̀n 5,500. Ti Rigel tó nǹkan bíi 12,000. Eruku ọyẹ́ lè bo díẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí mọ́lẹ̀ tó láti yọ jáde.

Ní oṣù Karùn-ún, kí ẹ kọjú sí gúúsù lálẹ́. Alpha Centauri tó jẹ́ ìbátan Proxima yóò wà níbẹ̀, kò ga púpọ̀. Àwọn tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kì í rí i rárá láti ibi tí wọ́n wà. Àwa tí a wà nítòsí ìlà tó pín ayé sí méjì ń rí ìràwọ̀ àríwá àti ti gúúsù pọ̀, àǹfààní ńlá ni, ó sì ń dùn mí pé a kì í sábà gbójú sókè lò ó.

Lọ́sàn-án ńkọ́? Ní nǹkan bíi ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin àti ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún, oòrùn máa ń dúró sí àtàrí wa gan-an ní Òṣogbo. Kí àwọn ọmọ ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ ní òòró gangan. Ní nǹkan bíi aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì, òjìji ọ̀pá náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Wọn yóò tún béèrè ìdí tí kì í fi í ṣe aago méjìlá géérégé: ìlú wa wà ní ìwọ̀-oòrùn sí ibi tí wọ́n fi díwọ̀n aago Nàìjíríà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n wo oòrùn fúnra rẹ̀ o, ó lè ba ojú jẹ́.

Tísà Òkè-Fìà

Mo ti kọ ọjọ́ méjèèjì sílẹ̀. Bàbá, ó ku èyí tó le jù. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé àgbáálá ayé ń gbòòrò?

Àgbà Olùkọ́, Ìgbóǹnà

Ìlà dúdú inú ìmọ́lẹ̀ kan náà ni, Tísà, pẹ̀lú ọ̀nà mìíràn láti wọn ohun tó jìnnà.

Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan tí a ń pè ní Milky Way ni oòrùn wa wà, òun pẹ̀lú ìràwọ̀ tó lé ní bílíọ̀nù 100. Títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé òun nìkan ni gbogbo ohun tó wà. Ní ọdún 1912, Henrietta Leavitt, tó ń ṣiṣẹ́ ní Harvard ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú ìràwọ̀ kan tó máa ń mọ́lẹ̀ tó tún máa ń ṣú lóòrèkóòrè. Ó rí i pé èyí tó bá ń pẹ́ kí ó tó yí padà ló ń tan ìmọ́lẹ̀ gidi jù. Nítorí náà, bí a bá ka iye ọjọ́ tí ó fi ń yí padà, a ó mọ bí iná rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bí a bá sì wo bí ó ṣe ṣú tó lójú wa, a ó mọ bí ó ṣe jìnnà tó. Ní ọdún 1923, Edwin Hubble rí irú ìràwọ̀ yìí nínú Andromeda, ìṣirò rẹ̀ sì fi hàn pé Andromeda jìnnà kọjá òpin Milky Way. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mìíràn pátápátá ni. A mọ̀ nísinsìnyí pé mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ọdún ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ṣáájú àkókò yẹn, Vesto Slipher ti ṣàkíyèsí pé nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀pọ̀ lára irú ìṣùpọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ìlà dúdú náà kò sí ní ààyè wọn. Wọ́n ti sún lọ sí apá pupa. Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, apá pupa sì ni ìgbì tó gùn jù wà. Ìtumọ̀ èyí ni pé ohun kan ti fa ìgbì náà gùn lójú ọ̀nà. Ní ọdún 1929, Hubble gbé bí wọ́n ṣe jìnnà tó sí ẹ̀gbẹ́ bí wọ́n ṣe sún sí apá pupa tó, ó sì rí i pé bí ìṣùpọ̀ kan bá ṣe jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń yára kúrò lọ́dọ̀ wa tó. Georges Lemaître ti ṣe irú ìṣirò yìí ní ọdún 1927, ó sì ti sọ ohun tó fà á: òfuurufú tó wà láàrin wọn ló ń fẹ̀.

Ọmọ Ìlobùú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè mẹ́ta ni tèmi, tọkàntọkàn ni mo sì fi béèrè wọn. Bí ohun gbogbo bá ń sá kúrò lọ́dọ̀ wa, ṣé àwa ni a wà ní àárín? Bí òfuurufú bá ń fẹ̀, ṣé ọ̀nà Òṣogbo sí Ìkìrun náà ń gùn sí i? Ìkẹta, ṣé ẹ̀kọ́ pé àgbáálá ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ láti inú ooru ńlá kò tako ìgbàgbọ́ àwa tí a gbà pé Ẹlẹ́dàá wà?

Àgbà Olùkọ́, Ìgbóǹnà

Ẹ ṣeun, Ọmọ Ìlobùú. Èkíní: ẹ fi ojú inú wo ìṣùpọ̀ mẹ́rin tó tò lórí ìlà kan, tiwa ni àkọ́kọ́, àwọn mẹ́ta yòókù sì wà ní mílíọ̀nù 10, 20 àti 30 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn jìnnà tó láàrin ọdún kan). Ká ní gbogbo àlàfo di ìlọ́po méjì. Wọn yóò wà ní 20, 40 àti 60. Láàrin àkókò kan náà, èyí tó sún mọ́ wa ti kúrò ní 10, èyí tó tẹ̀ lé e ti kúrò ní 20, èyí tó jìnnà jù ti kúrò ní 30. Ohun tí Hubble rí gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ wá lọ dúró sí orí ìṣùpọ̀ kejì, kí ẹ tún un ṣírò láti ibẹ̀, ẹ ó rí i pé àwa pẹ̀lú ń sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn yòókù náà sì ń sá, tí èyí tó jìnnà ń yára jù. Ibikíbi tí ènìyàn bá dúró sí ni yóò ti dà bí àárín. Kò sí àárín kankan.

Èkejì: ọ̀nà Ìkìrun kò gùn sí i. Níbi tí agbára òòfà (gravity) tàbí agbára tó so átọ́ọ̀mù pọ̀ bá ti di nǹkan mú, fífẹ̀ náà kò lè tú u. Ilé ayé, oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àní Milky Way fúnra rẹ̀, kò fẹ̀. Andromeda tilẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ni, ní nǹkan bíi kìlómítà 110 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí pé òòfà òun àti tiwa ń fa ara wọn. Láàrin àwọn agbo ìṣùpọ̀ tó jìnnà síra gan-an ni fífẹ̀ náà ti ń hàn.

Ẹ̀kẹta: àlùfáà ìjọ Kátólíìkì ní Bẹ́ljíọ̀mù ni Lemaître tí mo dárúkọ yẹn. Òun ló kọ́kọ́ dábàá pé ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀ láti ipò kan tó há tó sì gbóná, kò sì rí i bí ohun tó lé òun kúrò nínú ìgbàgbọ́. Ohun tí sáyẹ́ǹsì lè fi ọwọ́ sọ̀yà ni ẹ̀rí tí ó kù sílẹ̀. Ní ọdún 1964, Arno Penzias àti Robert Wilson ní New Jersey ń gbọ́ ariwo kan nínú ẹ̀rọ rédíò ńlá wọn tí kò lọ bí ó ti wù kí wọ́n ṣe, apá yòówù kí wọ́n kọ ọ́ sí. Ìmọ́lẹ̀ àtètèkọ́ṣe ni, tó ti gbéra nígbà tí àgbáálá ayé jẹ́ ọmọ nǹkan bíi 380,000 ọdún. Ó ti fà gùn ó sì ti tutù títí tí ó fi dé nǹkan bíi ìwọ̀n 270 sí ìsàlẹ̀ òdo. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1978.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS3, Ayétòrò

Bàbá, mo ti gbìyànjú láti fi ìṣirò wá ọjọ́ orí rẹ̀. Mo kà á pé ìṣùpọ̀ tó wà ní mílíọ̀nù 3.26 ọdún ìmọ́lẹ̀ ń kúrò lọ́dọ̀ wa ní nǹkan bíi kìlómítà 70 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mílíọ̀nù 3.26 ọdún ìmọ́lẹ̀ jẹ́ kìlómítà 3.09 × 10¹⁹. Mo fi 70 pín in, mo rí ìṣẹ́jú-àáyá 4.41 × 10¹⁷. Nígbà tí mo yí i sí ọdún, ó di bílíọ̀nù 14. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí kò fi jẹ́ 13.8 gan-an?

Àgbà Olùkọ́, Ìgbóǹnà

O ṣeun, ọmọ mi, o ṣeun púpọ̀. O ti ṣe ohun tí Hubble fúnra rẹ̀ kò rí ṣe, nítorí pé iye tí òun ní jẹ́ nǹkan bíi 500 dípò 70. Bí o bá fi 500 pín in, nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì ọdún ni wà á rí, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ òkúta ti mọ̀ pé ilẹ̀ ayé wa ti dàgbà ju ìyẹn lọ. Ó le láti ṣàlàyé bí ilé ṣe lè dàgbà ju ìlú tí a kọ́ ọ sí lọ. Bí a ṣe wọn jíjìnnà àwọn ìṣùpọ̀ náà ni kò tọ́, ó sì gba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún un ṣe.

Ní ti ìyàtọ̀ kékeré tó kù, ìṣirò rẹ gbà pé eré náà kò yí padà rí. Ó yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òòfà ohun gbogbo ń fà á sẹ́yìn, ó sì ń dẹwọ́. Ní ọdún 1998, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì tí wọ́n ń wo àwọn ìràwọ̀ tó bú gbàmù lókèèrè rí i pé láti bíi bílíọ̀nù márùn-ún ọdún sẹ́yìn, eré náà tún ti ń le sí i. Saul Perlmutter, Brian Schmidt àti Adam Riess gba Nobel nítorí èyí ní ọdún 2011. Dídẹwọ́ àkọ́kọ́ àti líle ti ìkẹyìn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́, ìdí nìyẹn tí ìdáhùn rẹ fi sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń tì í gan-an, kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ìwọ àti àwọn ọmọ kíláàsì Tísà ṣe. Àwọn tó ń wọn 70 yẹn láti ara ìmọ́lẹ̀ àtètèkọ́ṣe máa ń rí nǹkan bíi 67, àwọn tó ń wọ̀n ọ́n láti ara ìràwọ̀ bíi ti Leavitt sì máa ń rí nǹkan bíi 73. Ẹgbẹ́ méjèèjì ń ṣọ́ra gidigidi nídìí iṣẹ́ wọn, wọn kò sì tíì bára mu. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì ṣe ìṣirò rẹ yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí síbí.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS3, Ayétòrò

67 fún mi ní bílíọ̀nù 14.6, 73 sì fún mi ní bílíọ̀nù 13.4. Bàbá, irú ẹ̀kọ́ wo ni ènìyàn máa kà ní yunifásítì kí ó lè dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń wá ìdí ìyàtọ̀ yìí?

Àgbà Olùkọ́, Ìgbóǹnà

Físíìsì ni, pẹ̀lú Matimátíìkì tó dán mọ́rán. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí wa: ibùdó ẹ̀kọ́ nípa òfuurufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1998. Tísà, bí ẹ bá lè kó àwọn ọmọ náà lọ síbẹ̀ kí sáà yìí tó parí, n óò bá yín lọ.